Ìyá Oníbúrẹ́dì Tí Kò Tọ́ Búrẹ́dì Rẹ̀ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ìyá Oníbúrẹ́dì jẹ́, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì rẹ̀ nígbà tí páànù àkọ́kọ́ bá ń jáde nínú ààrò. Kì í kí ènìyàn lásìkò náà, kì í sì í dáhùn ìkíni. Á da búrẹ́dì kan dé ọwọ́ òsì, á fi eegun ìka ọwọ́ ọ̀tún kàn án nídìí, kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé àna. Tó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, ó ti jinná. Tó bá dún bí ohun tó ki, ó ń padà sínú iná nìyẹn. Lẹ́yìn náà á bu orí búrẹ́dì náà, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á tẹjú mọ́ ògiri títí yóò fi gbé e mì. Ìgbà yẹn lá tó sọ pé, “Ẹ máa kó o jáde.” Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí páànù kan tó kúrò nílé rẹ̀ láì gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

Ọwọ́ obìnrin kan tó ti di olóògbé ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀gá yìí kì í na ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ. Ohun tó máa ń tẹ̀ mọ́ wọn létí jù ni ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ó ní ẹni tó bá rò pé torí adùn nìkan la ṣe ń fi iyọ̀ sí búrẹ́dì, kó lọ máa ta àbẹ́là. Ó ní iyọ̀ ni okùn tí a fi so fúláwà mọ́lẹ̀. Bí okùn bá dẹ̀, fúláwà á wú kánkán bí agbéraga, á sì wó lulẹ̀ bí agbéraga.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ènìyàn méjì tó fọkàn tán láyé yìí. Èkínní ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Kékeré, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò. Èkejì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò yìí nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà tó fi dàgbà. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń pò fúláwà ló ti kọ́kọ́ mọ̀wé kọ, tó ń fi ìka fa lẹ́tà sínú ìyẹ̀fun funfun, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lọ ilé ìwé ń wò ó, tí òun náà sì ń tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó di akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan, ó ní tábìlì tirẹ̀, ó ní dúróà tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tì.

Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, òùngbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, bí ẹni tó jẹ iyanrìn. Ojú rẹ̀ ń ṣú, kò rí òwú fi sínú abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó tún oúnjẹ rẹ̀ ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àgbà tó ń gbé lódìkejì títì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ló bá a to oúnjẹ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ fo oúnjẹ àárọ̀. Kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ nígbà mẹ́fà lójúmọ́. Ẹyin kò gbọdọ̀ ju méjì lọ́sẹ̀. Kó yọ ọ̀rá kúrò lára ẹran, kó sì máa jẹ búrẹ́dì tí wọn ò bó èèpo ọkà rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣe é bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Ọdún kan kọjá, ìwé ọsibítù kò yí ohùn padà.

Àsìkò yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ dé pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá. Ó ti ń kàwé nípa oúnjẹ àwọn ará àtijọ́, ó sì ti kó àwọn ènìyàn bí ogójì jọ sí gbọ̀ngàn kan tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn oníbàárà wà ní ìdúró.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ìgbà wo ni àwọn baba ńlá wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà?”

“Mi ò sí níbẹ̀.”

“Àná ni! Tẹ́ ẹ bá ká gbogbo ìgbà tí ọmọ aráyé ti wà láyé kù sí ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ náà parí ni ọkà tó dé. Kí ó tó dé, ẹran ìgbẹ́ ni, ẹja odò, ẹyin ẹyẹ, èso, ewé, gbòǹgbò, àti oyin lọ́jọ́ tí ènìyàn bá lè fara da kí oyin ta á. Ara wa ò tíì mọ fúláwà. Àlejò ni.”

Nọ́ọ̀sì Àgbà, tó wá ra búrẹ́dì tirẹ̀, gbé àpò sílẹ̀. “Àlejò tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣé kò tíì di onílé ni?”

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má jẹ ẹyin ju méjì lọ́sẹ̀.”

“Èmi ni. Torí ọkàn ni.”

“Ẹni tó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ nínú igbó láyé ìwáṣẹ̀, ṣé á mú méjì níbẹ̀, á wá ní ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Àwọn tó wà ní ìdúró rẹ́rìn-ín. Ìyẹn mú un gbóná sí i. “Ẹ tún ní kí wọ́n má fo oúnjẹ àárọ̀. Ọdẹ tó jí, tí ẹran rẹ̀ ṣì ń sáré nínú igbó, kí ló fẹ́ jẹ láàárọ̀? Ìrì? Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ̀rá. Ọ̀rá gan-an ni wọ́n ń du ara wọn lé lórí! Ẹran tí kò lọ́ràá ni wọ́n ń jù fún ajá.”

Ọkùnrin bíríkìlà kan tó máa ń ra búrẹ́dì méjì lójúmọ́ gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. “Baba, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará ìwáṣẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yìí, mélòó nínú wọn ló dàgbà débi tí orúnkún fi ń dun wọ́n?”

“Àwọn tí ẹkùn ò pa jẹ dàgbà dáadáa.”

“Ẹ ò rí nǹkan? Ẹkùn náà, oúnjẹ ìwáṣẹ̀ ló ń jẹ.”

Ẹ̀rín yẹn pọ̀ débi pé fúláwà dà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe àbúrò Ìyá Oníbúrẹ́dì ní Ìwáṣẹ̀, orúkọ náà sì wù ú, ó ń dáhùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ní, “Mi ò ní bá ọ jiyàn ẹyin mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nígbà tí mo wà lọ́mọge, wọn ò fi kọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ lo sọ nípa búrẹ́dì fún ẹni tí ṣúgà ń bá jà. Ṣùgbọ́n ìwọ, o mọ ohun tí òkú jẹ ju ohun tí alààyè jẹ lọ. Máa rọra.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, torí bó ṣe ń ro gbogbo nǹkan nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní òun ti gbà, fúláwà ò ní wọ ẹnu òun mọ́.

“Àní títọ́ wò náà, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ìwáṣẹ̀ wí. “Ẹni tó ṣì ń tọ́ ọtí wò kò tíì fi ọtí sílẹ̀. Èmi náà ti gé e pátá. A jọ máa rìn ín ni.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gba ọkàn rẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ títọ́ wò lé Àǹtí Kékeré lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí páànù jáde, ó kan ìdí búrẹ́dì, ó bu orí rẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀, ó wá ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì mọ́ ọn.

Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́, èso díẹ̀, ohun tó ń jẹ nìyẹn. Oṣù méjì àkọ́kọ́ le. Òórùn búrẹ́dì tó ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe wá di ohun tó ń mú omi wá sí i lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìwé ọsibítù sọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣúgà ti wálẹ̀, wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó fi òwú sínú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí àbúrò rẹ̀ bá ti sọ, ó ti di òótọ́ kó tó parí rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni Ìwáṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ó ní ara àtijọ́ kò bu iyọ̀ sí nǹkan, iyọ̀ tó wà nínú ẹran ti tó wọn. Ó ní iyọ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun fi ń ba ara àdúgbò jẹ́ láì mọ̀. Ife kékeré mẹ́wàá ni wọ́n ń bù sí àpò fúláwà kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kó di mẹ́ta. Àǹtí Kékeré ní, “Ìyá mi, ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí wọ́n sọ nípa iyọ̀?” Ó ní, “Bù ú ní mẹ́ta.” Ọjọ́ tó yẹ kó lọ ọsibítù ni ọjọ́ náà, ó sì lọ.

Ìgbà tó máa fi rí fúláwà náà lọ́jọ́ kejì, ó wú bó ṣe yẹ, ó dúró bó ṣe yẹ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ sì ń padà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń padà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oníbàárà kankan kò fọhùn. Bíríkìlà ń ra méjì rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì bá pe àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́:

“Ọ̀gá mi ò mọ̀. Ẹni ire ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbé àṣìṣe rẹ̀ kiri.”

Àǹtí Kékeré mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Ìwáṣẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí gbọ̀ngàn. Ó ní ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi, ó yọ iyọ̀ kúrò nínú búrẹ́dì odidi àdúgbò, kò sí ahọ́n kan tó mọ̀, ẹ ò rí i pé àṣà lásán ni? Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó wá béèrè ohun tó tóbi jù. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun wá síwájú gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ Sátidé, kó mú ìwé ọsibítù lọ́wọ́, kó sì sọ pé òun ti pa iná ààrò òun.

“Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé kò dáa fún ara, ẹ ṣì ń tà á fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára, torí ó ti ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó gbà. Ó ní àwọn á yan búrẹ́dì títí di àárọ̀ Sátidé, àwọn á jẹ́ kí iná kú lọ́sàn-án, wọn ò sì ní dá a mọ́.

Àǹtí Kékeré kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí fúláwà dà sí. “Ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ara mi, iná yẹn ò kú rí.”

“Mo mọ̀.”

“Kí la fẹ́ máa ṣe?”

“A ó wá nǹkan ṣe. Ohun tí mi ò lè fi sẹ́nu ara mi, mi ò gbọdọ̀ fi sẹ́nu ẹlòmíràn. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù.”

Ọmọ náà dìde, ó gbọn fúláwà kúrò lórúnkún, kò wo ojú ìyá rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Oníbúrẹ́dì mú ìwé ọsibítù náà, ó gbé e lọ sílé àbúrò rẹ̀ kí ìyẹn lè kà á dáadáa kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìyàwó Ìwáṣẹ̀ ti lọ kí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Oníbúrẹ́dì máa ń gbà wọlé, kì í kanlẹ̀kùn, ta ló ń kanlẹ̀kùn ilé ọmọ tó pọ̀n dàgbà? Ó ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí.

Ìwáṣẹ̀ jókòó ti tábìlì. Ife tíì wà níwájú rẹ̀, agolo ṣúgà ṣí sílẹ̀. Ó ti fi bọ́tà sí búrẹ́dì nípọn, ó ti gé e sí ọ̀nà méjì, ìdajì wà lọ́wọ́, èyí tó kù wà lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí, ọ̀rọ̀ náà há sáàárín búrẹ́dì. “Ẹ… ẹ káàbọ̀.”

Orí tábìlì ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń wò, níbi tí ìyókù búrẹ́dì náà wà. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ká fúláwà kó tó dé páànù, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà sì lè mọ ọwọ́ tó ká a láti ara ojú ibi tó ti pa pọ̀. Nínú ilé búrẹ́dì rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo ọwọ́ òsì.

“Ta ló gbé e wá?”

“Ẹ jókòó ná.”

“Mo bi ọ́ ní nǹkan.”

“Àǹtí Kékeré ni.”

“Lónìí?”

Ó gbé ojú sínú ife tíì. “Ọjọ́ Ajé… àti ọjọ́ Ẹtì.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọdún kan.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì fa àga, ó jókòó. Oṣù mẹ́rìnlá ni òun ti ń bá òórùn búrẹ́dì jà ní gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run dá, òun sì ń sọ fún ara òun pé àbúrò òun náà wà nílé tirẹ̀ tó ń bá a jà.

“Mo gbìyànjú, ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù méjì gbáko. Orí ń fọ́ mi, mi ò rí oorun sùn, ìyàwó mi ní mo ti di ẹranko nínú ilé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ! Ara yín ni ẹlẹ́rìí. Èmi ni mi ò lágbára ẹ̀. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún ènìyàn, ṣé dandan ni kí òun náà rìn ín?”

“Tó bá ti ní òun ń bá a rìn, dandan ni.”

Ó na ọwọ́, ó bu orí búrẹ́dì náà níbi tí bọ́tà kò dé. Ìwáṣẹ̀ ń wò ó, kò lè sọ pé kó má jẹ ẹ́. Ó fi sẹ́nu, ó tẹjú mọ́ ògiri. Omi ya bo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà níbẹ̀, bí ó ti ṣe máa ń kà á. Èyí kì í ṣe iyọ̀ ife mẹ́ta. Kì í ṣe márùn-ún. Mẹ́wàá ló pé síbẹ̀, kò lé, kò dín.

“Iyọ̀ wà níbẹ̀,” ó wí.

“Iyọ̀ kẹ̀?” Ìwáṣẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi ti iyọ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni ká sọ. Àwọn ènìyàn ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ kàn gòkè, ẹ fi ìwé hàn wọ́n, ẹ ní ẹ ti pa iná. Ó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi títí.”

“Nígbà tí mo bá pa iná, níbo lo ti fẹ́ máa rí búrẹ́dì jẹ?”

Kò ronú kó tó dáhùn. “Àwọn ilé búrẹ́dì mìíràn wà.”

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde. Ó mú ìwé ọsibítù tó ti gbé sórí tábìlì, ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ọ̀nà ilé kò jìn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rìn ín tán. Àǹtí Kékeré ń fi òróró pa páànù nígbà tó wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ ṣan ẹsẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjì, ó ní:

“Mo ti jẹ búrẹ́dì rẹ.”

Páànù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

“Ife mélòó lò ń bù síbẹ̀?”

“Mẹ́wàá.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ kejì.” Ẹkún ti wà lóhùn rẹ̀. “Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ ọsibítù, gbogbo ẹ̀ wú títí ó fi kún jáde nínú páànù, nígbà tí a gbé e dé ẹnu ààrò ó wó. Ó fẹjú bí awọ. Bíríkìlà dá tirẹ̀ padà, ó ní ṣé a ti ń ta páálí ni. A da gbogbo ẹ̀ nù kẹ́ ẹ tó dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún yín.”

“O bẹ gbogbo wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mo dúró níbí, mo pe ọ̀gá mi ní aláìmọ̀kan lẹ́yìn tó ti kú. Ò ń gbálẹ̀.”

“Ẹ ò fẹ́ gbọ́, ìyá mi. Ohun tí Bàbá Ìwáṣẹ̀ bá ti sọ, ó ti tán nìyẹn.”

“Bàbá rẹ yẹn, ìwọ lò ń gbé búrẹ́dì fún un.”

“Ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n má sọ. Nígbà tó yá, mo rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀, torí tó bá ń jẹ ẹ́, kò ní lè sọ pé kẹ́ ẹ pa iná láéláé. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Nígbà tó wá sọ ọ́, mo lọ bá a, ó ní tí mo bá tú òun fó, ẹ máa padà sídìí búrẹ́dì nítorí ìbínú, ojú yín á fọ́, èmi ni mo sì fà á.” Ó nu imú. “Ara yín sì ti yá, ìyá mi. Mo rí yín tẹ́ ẹ ń ránṣọ. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó. Ó mọ̀ pé ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ òun bàjẹ́. Ó mọ̀ pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, àwọn oníbàárà ìbá ti tú ká tipẹ́. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n kò dín ìrora náà kù, ṣe ló ń fi kún un, torí kò rí ẹni tó lè bínú sí tán.

“Àbúrò mi, ìwọ, àwọn ọmọ iṣẹ́, Bíríkìlà,” ó wí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka páànù. “Gbogbo yín lẹ jókòó, tẹ́ ẹ pinnu ohun tí mo lè mọ̀ nínú ilé mi. Èmi nìkan ni mi ò sí níbẹ̀.”

“Ẹ dárí jì mí.”

“Mo gbọ́.”

Ó bọ́ bàtà òde, ó wọ ti iṣẹ́, ó lọ ṣí agolo iyọ̀, ó sì fúnra rẹ̀ bù ú. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ padà dé, ó sọ fún wọn pé ohun tí òun sọ nípa ọ̀gá òun, òun kó o jẹ. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun ni òun kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú òun. Ó ní láti òní lọ, òun á máa tọ́ ọ wò, òun á sì máa tu ú dànù. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan nínú wọn fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kó lọ gbé igi wá sídìí iná.

“Igi, Màmá? Ṣé iná kọ́ lẹ ní a fẹ́ pa lọ́la?”

“Gbé igi wá.”

Ní ọ̀sán Sátidé, kò lọ sí gbọ̀ngàn. Kò ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ó jókòó síwájú ilé búrẹ́dì rẹ̀, ó ń fúnra rẹ̀ tà, ohun tí kò ṣe láti ọdún mélòó kan. Nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àgbà sọdá títì wá kíákíá, gèlè rẹ̀ wọ́ sí apá kan.

“Ẹ̀yin náà rèé! Ẹ jókòó tẹ́ ẹ ń ta búrẹ́dì!”

“Kí ló dé?”

“Wọ́n ní àìsàn ti dá yín dùbúlẹ̀. Àbúrò yín ló sọ ọ́ lórí pèpéle. Ó ní iná ti kú láàárọ̀, pé iṣẹ́ àṣejù ọjọ́ ìkẹyìn ló dá yín gúnlẹ̀, ẹ ò lè dìde. Wọ́n gbàdúrà fún yín, àwọn kan sunkún.” Ó gbé ojú wo èéfín tó ń jáde lórí òrùlé. “Èmi ni mo sọ pé kó máa rọra. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó lè dé ibí.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì ń to búrẹ́dì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí tirẹ̀ padà sídìí nǹkan yìí o,” ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí, tó ń fi ojú júwe búrẹ́dì.

“Mi ò ní padà. Ẹ̀jẹ̀ mi ló sọ fún ọsibítù pé ó dáa fún mi, kì í ṣe òun. Ohun tó bá mi lára mu, mi ò ní torí ẹni tó júwe ẹ̀ jù ú nù. Ṣùgbọ́n ara tèmi ni mo mọ̀. Ẹni tí búrẹ́dì bá bá lára mu, kó wá rà á.”

Kò pẹ́ tí àwọn ará gbọ̀ngàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ní méjì, ní mẹ́ta, èso àti ẹyin lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n wá kí aláìsàn. Wọ́n bá a tí fúláwà bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Àwọn kan dúró láàárín títì, wọn ò mọ bóyá kí wọ́n kí i tàbí kí wọ́n padà. Bíríkìlà tó wà nídìí bẹ́ǹṣì wò wọ́n, ó ní, “Àìsàn yìí mà dáa o. Kó ṣe èmi náà.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣàlàyé. Bí ẹnì kan bá béèrè, á ní, “Ara mi le, ẹ ṣeun.” Bí wọ́n bá béèrè iná, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè rí i láti ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Kékeré ń gbé páànù jáde, ó ń gbé e wọlé, wọn ò bá ara wọn sọ ju “gba èyí” àti “gbé ìyẹn” lọ.

Ìgbà tí èrò pọ̀ tán ni Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ojú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ lódìkejì títì, lẹ́bàá ògiri ilé Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá. Ó ti rí èéfín. Ó ti rí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n dúró pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí títì, ó tún dá a padà.

Láti ìgbà tó ti ń rákò, kò sí ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i lókèèrè tí kò pè é. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ní nǹkan bá a sọ, á kàn pè é kó lè bojú wẹ̀yìn. Orúkọ náà dé ẹnu rẹ̀ nísinsìnyí. Kò jẹ́ kó jáde, ọkùnrin náà sì dúró lódìkejì, ó ń retí rẹ̀.

Ó gbé ojú kúrò. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ló kàn.

“Ìyá ọmọ, ẹ má bínú,” ó wí. “Mélòó lẹ fẹ́?”